Ọwọ́ Oníbodè Ìdó-Àfọ̀n

Kò sí ohun tí Ìbíyẹmí fẹ́ràn tó ọ̀rọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn ìlẹ̀kẹ̀, wọ́n fẹ́ràn aṣọ àrán, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni kó ṣáà ti rí ọ̀rọ̀ tuntun kan tó kún un lẹ́nu, kó máa jẹ ẹ́ bí ẹní ń jẹ àádùn. Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń bá kiri jù, nítorí Sàró ló dàgbà sí. Ìdó-Àfọ̀n ni wọ́n bí i sí, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ló jí i gbé létí odò nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n tà á sínú ọkọ̀ ojú òkun. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé wọn bá lójú agbami, ó gba àwọn ẹrú inú ọkọ̀ náà sílẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi í sí ilé ẹ̀kọ́.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Rútù ló kọ́ ọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Màmá yìí kì í kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ ìṣe kan ṣoṣo. Ó ní ọ̀rọ̀ ìṣe kì í dá gbé, ó ní ẹ̀gbọ́n, ó ní àbúrò, ẹni tí kò bá sì mọ ará ilé ọ̀rọ̀ kò tíì mọ ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó kó àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé ènìyàn ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkejì jáde síwájú kíláàsì. Ásìkì ni baálé ilé, kò sí ẹni tí kì í bá ṣeré. Rìkúẹ́sìtì ni èyí tó wọ kóòtù, ọ́fíìsì lẹ ti máa bá a. Bẹ́gì ni àbúrò tó ń kúnlẹ̀. Dìmáǹdì wá ni alágídí wọn, tó máa ń wọ inú ilé tán kó tó kan ilẹ̀kùn. Ó ní nǹkan kan náà ni gbogbo wọn ń wá, ṣùgbọ́n kí àwọn ọmọ òun má ṣe rán ọ̀kan níṣẹ́ èkejì láé.

Kíláàsì fi ẹ̀rín bú. Ìbíyẹmí kò ráyè ẹ̀rín ní tirẹ̀, Yorùbá wọn ló ń wá. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ó ti rí "béèrè" fún ásìkì, ó ti rí "tọrọ" fún rìkúẹ́sìtì, ó ti fi "bẹ̀" ti bẹ́gì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Dìmáǹdì nìkan ló yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀, títí ó fi sọ sí i lọ́kàn pé "fi dandan gbà" ni. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fò sókè. Nínú gbogbo wọn, alágídí yìí ló wù ú jù. Ìkìlọ̀ tí Màmá Rútù ṣe lẹ́yìn rẹ̀ gba etí kan wọlé, ó sì gba ìkejì jáde.

Nígbà tó dàgbà di obìnrin, ó bá àwọn Sàró tó ń padà bọ̀ wálé dé Èkó. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tí òyìnbó kan fi ń wá ògbufọ̀ tí yóò bá òun lọ sí òkè. Òyìnbó náà fẹ́ tọ odò ńlá kan dé orísun rẹ̀, kó máa ya ọ̀nà rẹ̀ sórí ìwé. Àkẹtẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà lórí rẹ̀ tí kì í ṣí, òun ni wọ́n ṣe ń pè é ní Alákẹtẹ̀. Nígbà tó ka orúkọ àwọn ìlú tí òun máa gbà kọjá, tó dárúkọ Ìdó-Àfọ̀n, Ìbíyẹmí ti dìde kó tó ka èyí tó kù. Àwọn kan ní níbo ni wọ́n ti rí obìnrin tó ń ṣe ògbufọ̀. Alákẹtẹ̀ dán an wò, ó rí i pé ẹnu rẹ̀ mú, ó mú un.

Ènìyàn rere ni Alákẹtẹ̀ o, bí ẹ bá yọ ti ẹnu kúrò. Bí ọ̀kan nínú àwọn aláàárù rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, inú hámọ́ọ̀kì tirẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi ń gbé òyìnbó rìn, ni yóò tẹ́ ẹ sí, òun a sì máa fẹsẹ̀ rìn. Oògùn ibà tirẹ̀ ló ń pín fún wọn. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe ológun rí, bárékè àwọn ọmọ ogun sì ti ba ẹnu rẹ̀ jẹ́, iyọ̀ tó wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì, dìmáǹdì ni yóò fi gbà á.

Ìbíyẹmí ní tirẹ̀ sì ní ìgbéraga kan. Ògbufọ̀ mìíràn a máa bu omi la ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kó tó gbé e fún ẹni tó ni ín. Òun kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá gbóná, gbígbóná ni yóò gbé e kalẹ̀. Ní gbogbo ìlú tí wọ́n ti kọjá, bó ṣe ń gbé "fi dandan gbà" kalẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì ń ṣí ọ̀nà fún wọn, nítorí wọ́n ti rí ìbọn òyìnbó rí. Ó rò pé iṣẹ́ òun ló dára. Kò kíyè sí ojú tí wọ́n ń fún pọ̀ bí wọ́n ti ń ṣí i.

Ní abúlé tó kẹ́yìn kí wọ́n tó dé Ìdó-Àfọ̀n, ó bá obìnrin oníyọ̀ kan pàdé tó ń ti ibẹ̀ bọ̀. Kò mọ ìgbà tó di obìnrin náà lọ́wọ́ mú. Ó bi í bóyá ó mọ ìyá kan nílé Aró, agbo ilé tí wọ́n bí òun sí, tó ń hun ẹní.

Oníyọ̀ ní, "Ìyá Ẹlẹ́ní ńkọ́? Ó wà láyé o. Ojú rẹ̀ ló ti ń ṣú. Ìka ló fi ń ríran báyìí, síbẹ̀ ẹ ò lè rí àbùkù lára ẹní rẹ̀."

Háà! Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Ọmọ tí kò mọ̀ bóyá òun ṣì ní ìyá, tó wá gbọ́ pé ìyá wà níwájú, pé ìrìn òwúrọ̀ kan péré ló kù. Ó di ẹrù rẹ̀, ó tú u, ó tún un dì. Ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, àwọn aláàárù sì ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ìyàwó ọ̀ṣìngín ń lọ ilé ọkọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun ló wà níwájú gbogbo wọn, ó ń yára débi pé Alákẹtẹ̀ ń ké sí i pé kó rọra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bodè Ìdó-Àfọ̀n kí a tó dé ibẹ̀, nítorí bí a bá débẹ̀ tán, kò ní sí àyè àlàyé. Ogun ti fi ẹ̀tàn wọ ìlú náà rí. Àwọn ọ̀tá fi ẹnu dídùn bá wọn tàkúrọ̀sọ títí bodè fi ṣí. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi òfin lé e pé oníbodè kò gbọdọ̀ fi ẹnu dá àlejò lóhùn. Ọwọ́ ni yóò fi dá a lóhùn. Àpò obì wà ní ìhà rẹ̀ òsì, apó ọfà wà ní èjìká rẹ̀ ọ̀tún. Àlejò yóò sọ ohun tó bá wá, oníbodè yóò máa wo ojú ẹni tó ni ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ọwọ́ rẹ̀ yóò lọ síbi kan. Bó bá yọ obì, àlejò ti di ọmọ ìlú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bó bá yọ ọfà, ọfà náà kò gbọdọ̀ padà sínú apó láìjẹ́ pé ó wọ nǹkan lára. Àwọn ọdẹ tó wà lórí odi kì í wo ohun mìíràn, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ọdẹ́yalé ni oníbodè nígbà náà, àgbà ọdẹ tó ti fẹ́ di arúgbó. Iṣẹ́ yìí bá a lára mu, torí ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé iṣu ló gbé wá sẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá òun, tó nawọ́ sí òun, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìbíyẹmí ti gbọ́ nípa òfin bodè yìí nígbà tó wà lọ́mọdé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rí i rí. Ọ̀nà ẹ̀yìn tí àwọn obìnrin ń gbà lọ sódò ló mọ̀, ẹnu ọ̀nà ńlá kì í ṣe ibi eré ọmọdé. Sàró ti nu ìyókù kúrò lórí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé bodè, oòrùn ti wà láàárín orí, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú bọ̀ láti ìhà ìlà oòrùn. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sọdá odò wà lẹ́yìn ìlú. Bí òjò bá rọ̀ tí odò kún kí wọ́n tó sọdá, ó di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí wọ́n tó lè kọjá. Gbogbo èyí wà lára Alákẹtẹ̀, ooru ń mú un, kòkòrò ti jẹ ẹ́ lọ́rùn. Ó dúró gbagidi níwájú Ọdẹ́yalé, ó ní kí Ìbíyẹmí sọ fún un pé òun dìmáǹdì ọ̀nà, òun sì dìmáǹdì ọkọ̀, kí òjò tó dé.

Àwọn obìnrin ti gun orí odi, wọ́n ń nàgà wò wọ́n, Ìbíyẹmí sì ń rò ó pé bóyá ìyá òun wà láàárín wọn. Ó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn òun. Ó fẹ́ kí ìlú tó bí i mọ irú ọmọ tó sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó gbé ohùn sókè, ó fi gbogbo ẹnu sọ ọ́.

"Òyìnbó yìí ní ọ̀nà ìlú yín, dandan ni kí òun gbà á. Ọkọ̀ yín náà, dandan ni."

Ọdẹ́yalé wo ojú Alákẹtẹ̀, ó sì rí i pé ojú náà bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra nílẹ̀. Kò yára, kò sì falẹ̀. Ó gba iwájú àyà kọjá lọ sí èjìká ọ̀tún, ó wọ inú apó, ọfà kan sì jáde pẹ̀lú oró dúdú lẹ́nu rẹ̀. Ó fi í lé ọsán ọrun rẹ̀. Lórí odi, àwọn ọdẹ yòókù fa ọrun tiwọn.

Àwọn aláàárù ju ẹrù sílẹ̀, wọ́n wọ igbó. Alákẹtẹ̀ nawọ́ sí ìbọn ìléwọ́ tó wà ní ìbàdí rẹ̀, Ìbíyẹmí sì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, nítorí bí ìbọn yẹn bá dún, ìlú náà kò ní ṣí fún òun mọ́ láyé. Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ padà bọ̀ sí i lórí: ìtàn àpò àti apó tí ìyá rẹ̀ ń sọ fún un nídìí ẹní, àti ohùn Màmá Rútù ní iwájú kíláàsì. Alágídí náà ti wọ inú ilé kó tó kan ilẹ̀kùn, òun tí wọ́n bí sínú ilé ọ̀hún ló sì fà á lọ́wọ́ wọlé. Ojú tì í, ẹ̀rù bà á, ó sì mọ̀ pé òun kò ní àkókò fún èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún Alákẹtẹ̀ pé kó pààrọ̀ ọ̀rọ̀ náà, kó fún òun ní bẹ́gì. Alákẹtẹ̀ ní nǹkan kan náà ṣáà ni gbogbo wọn ń wá, kí ló tún kù? Ó ní bó bá sì ṣe bẹ́gì ló fẹ́, kó sọ bẹ́gì fún wọn, ògbufọ̀ ṣáà ni.

Ìbíyẹmí ní, "Ọ̀gá, baba yìí kì í wo ojú ògbufọ̀. Ojú ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló ń wò. Bí kò bá tẹnu yín jáde, irọ́ ni mo pa, yóò sì mọ̀."

Ojú òyìnbó pọ́n bí epo. Ní gbogbo ayé rẹ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni rí àfi Ọlọ́run, ọjọ́ ìsinmi nìkan ló sì ń sọ ọ́ fún Òun náà. Ó wo ẹnu ọfà. Ó wo àwọn ẹrù tó fọ́n ká sílẹ̀. Ó wo obìnrin tó dì í lọ́wọ́ mú, tí kò bá àwọn aláàárù sá lọ. Bóyá òun ló yí i lọ́kàn padà, n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, ó ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀, orí pípá kan yọ jáde tó ń kọ mànà nínú oòrùn, ó sì sọ ọ̀rọ̀ náà. Kò ju bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rọ̀ bó ti ń sọ ọ́.

Ìbíyẹmí gba àkẹtẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rìn lọ síwájú, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ Ọdẹ́yalé, ó sì kúnlẹ̀ tì í.

Ó ní, "Baba, àlejò yìí ń bẹ̀ yín. Ó ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ ya òun lọ́nà, kí ẹ sì ya òun lọ́kọ̀ kí odò tó kún. Èmi náà ń bẹ̀ yín. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́ní ilé Aró ni mí, èyí tí wọ́n jí gbé létí odò. Ẹnu mi ló gbé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wá. Mo mọ̀ pé ọfà yẹn kò lè padà sínú apó. Bó bá jẹ́ èmi ló máa wọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ìyá mi kọ́kọ́ fọwọ́ kàn mí."

Ọdẹ́yalé wo òyìnbó tó ṣí orí, ó wò ó pẹ́. Ó wá wo ọmọ tó kúnlẹ̀. Ó fa ọsán títí ó fi kan etí, Ìbíyẹmí sì di ojú. Ó gbọ́ tí ọsán dún. Ó gbọ́ tí nǹkan wọlẹ̀ gbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀. Nígbà tó la ojú, ó rí àkẹtẹ̀ òyìnbó tí ọfà ti kàn mọ́lẹ̀ láàárín gbùngbùn.

Ọfà ti wọ nǹkan lára. Òfin ti pé.

Obìnrin kan lórí odi ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní Alákẹtẹ̀ ti di Alápárí, òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ tó mọ̀, odi ń mì fún ẹ̀rín. Ọwọ́ Ọdẹ́yalé, ọwọ́ kan náà yẹn, tún gbéra nílẹ̀, ó gba ìhà òsì lọ, ó wọ inú àpò, obì àbàtà kan báyìí tó tóbi, tó ń dán, sì jáde. Ó pa á. Ó fún òyìnbó ní awẹ́ kan, ó fún Ìbíyẹmí ní méjì, ó sì ju èyí tó kù sẹ́nu ara rẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n tó gbọ́ ohùn rẹ̀, torí wọn kì í ṣe àlejò mọ́.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀." Ó fa ọfà yọ nílẹ̀, ó nu oró ẹnu rẹ̀ kúrò pẹ̀lú ewé títí ó fi mọ́, ó sì gbé e lé Ìbíyẹmí lọ́wọ́. "Ilé Aró ṣì wà níbi tí o fi í sí."

Ṣé ẹ rò pé ó rìn lọ? Ó sáré! Ó sáré láàárín ìlú, ọfà lọ́wọ́ kan, obì lọ́wọ́ kejì, àwọn èèyàn ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún un, àwọn tó mọ ìtàn náà sì ń sáré tẹ̀ lé e. Ìyá Ẹlẹ́ní jókòó nídìí ẹní tó ń hun. Ariwo dé etí rẹ̀, ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀ láyé, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá, sá kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìyá na ọwọ́, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, ìka rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ dé etí òsì, níbi tí yẹtí ti fà á ya nígbà kan tó bọ́ lórí ẹ̀ka máńgòrò. Ìka náà dúró síbẹ̀.

Ó fi oríkì pè é, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́. Níbo lo wà láti àárọ̀?"

Èmi kò ní sọ bí ẹkún ti pọ̀ tó níbẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́ní fọwọ́ kan ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó bi í kí ló mú wá fún òun. Ìbíyẹmí sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní bodè, kò fi ti ẹnu ara rẹ̀ pamọ́. Ìyá gba ọfà, ó fi ìka tọ́ ẹnu rẹ̀. Ó ní òun ti wà nídìí ẹní yìí láti ìgbà tí wọ́n ti jí i gbé, òun ń dúró dè é, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì fẹ́ pa á kú mọ́ òun lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ọfà náà há òkè ilẹ̀kùn. Obì ni ó jẹ, awẹ́ kan fún òun, awẹ́ kan fún ọmọ rẹ̀.

Alákẹtẹ̀ sọdá odò kí òjò tó dé, àwọn ọmọ Ìdó-Àfọ̀n fúnra wọn ló tu ọkọ̀ rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán ihò àkẹtẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní títí ó fi kúrò nílẹ̀ yìí, bí iyọ̀ bá jìnnà sí i lórí tábìlì, yóò kọ́kọ́ fi ìka kan ihò náà kó tó la ẹnu. Ìbíyẹmí kò bá a lọ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ Ọdẹ́yalé ló ń dúró sí ní bodè, tó ń bá àwọn àlejò tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ ọwọ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ àlejò bá sì ti fẹ́ le, yóò na ìka sí ọ̀nà ilé Aró, síbi tí ọfà há sí, yóò sì sọ fún un ní ohun tí àwọn àgbà gbà lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n sì ń pa lówe títí di òní: ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ní ń yọ ọfà lápó.